Nọ́ńbà Ẹ̀yìn Ìwé: Kí Ni ISBN, Kí Ló sì Kan Ẹni Tó Ń Ta Ìwé àti Géèmù Àlòkù?

Ẹnikẹ́ni tó bá ti gbé ìwé àlòkù sórí Jiji tàbí Facebook Marketplace rí ní Abuja níbí á mọ ìbéèrè yìí: "Ẹ̀díṣọ̀n wo ni?" Wọn ò tíì béèrè iye tẹ́ ẹ fẹ́ gbà, wọn ò tíì béèrè bóyá Kubwa lẹ wà àbí Lugbe, ẹ̀díṣọ̀n wo ni ná, ìyẹn ìgbà kelòó tí wọ́n tún inú ìwé náà ṣe. Ẹni tó ń tajà á wá fèsì pé "tuntun ni o, ó ṣì mọ́ dáadáa", kì í ṣe ohun tí wọ́n bi í nìyẹn. Ìdáhùn wà lẹ́yìn ìwé yẹn gan-an, nísàlẹ̀, níbi tí àwọn ìlà dúdú tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn wà. ISBN ni wọ́n ń pe nọ́ńbà tó wà níbẹ̀.

Lẹ́tà mẹ́rin yẹn dúró fún International Standard Book Number, ìyẹn nọ́ńbà tí gbogbo ayé fẹnu kò lé lórí láti máa fi dá ìwé mọ̀. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ti bẹ̀rẹ̀, ní nǹkan bí 1966, nígbà tí ilé ìtàwé W H Smith fẹ́ kó àkọsílẹ̀ ọjà rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, ọ̀jọ̀gbọ́n kan tó ń jẹ́ Gordon Foster, ará Trinity College ní Dublin, ló bá wọn ṣètò bí nọ́ńbà náà ṣe máa rí. Nọ́ńbà 9 ló wà nínú ẹ̀ nígbà yẹn, ó di 10 ní 1970 nígbà tó di ti gbogbo ayé, ó tún wá di 13 láti ọjọ́ kìíní oṣù January 2007. Torí ẹ̀ ni ìwé tẹ́ ẹ rà lọ́wọ́ àwọn tó ń pàtẹ ìwé tòkunbọ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ fi lè ní 10, òmíràn 13, òmíràn á kọ méjèèjì pọ̀, kò sí èyí tó burú níbẹ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í mú nìyí. ISBN kì í ṣe nọ́ńbà ẹ̀dà kan ṣoṣo tó wà lọ́wọ́ yín, kò rí bíi IMEI fóònù tó jẹ́ pé fóònù kọ̀ọ̀kan ló ní tiẹ̀. Tí wọ́n bá tẹ ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ẹ̀dà, nọ́ńbà kan náà ló wà lẹ́yìn gbogbo wọn. Kì í sì í ṣe nọ́ńbà orúkọ ìwé, torí ìwé kan náà tí ẹni kan náà kọ lè ní nọ́ńbà mẹ́rin márùn-ún: èyí tí páálí ẹ̀ le ní tiẹ̀, èyí tí páálí ẹ̀ rọ̀ ní tiẹ̀, ti orí fóònù lọ́tọ̀, ẹ̀díṣọ̀n kẹrin lọ́tọ̀, ẹ̀díṣọ̀n karùn-ún lọ́tọ̀. Àwọn ìwé ńlá-ńlá ti yunifásítì tún wà tí wọ́n máa ń tẹ èyí tó dínwó fún India àti àwọn orílẹ̀-èdè míì, àwọn yẹn náà ní nọ́ńbà tiwọn, ìbéèrè ẹ̀yìn orí ìwé inú wọn sì lè yàtọ̀ sí ti Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n tí ilé iṣẹ́ atẹ̀wé bá kàn tún ẹ̀díṣọ̀n kan náà tẹ̀ láìyí nǹkan kan padà, nọ́ńbà ò yí.

Ẹ jẹ́ ká mú akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Gwagwalada tí olùkọ́ ní kó ṣe ìbéèrè 14 ní orí 6. Nínú ẹ̀díṣọ̀n tó wà lọ́wọ́ olùkọ́, orí 6 ni wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ nípa ooru, nínú èyí tẹ́ ẹ fẹ́ tà fún un, orí 6 ti di iná mànàmáná, ooru ti sún lọ sí orí 8. Èèpo ìwé méjèèjì jọra bí ìbejì, àwọ̀ búlúù kan náà, orúkọ kan náà. Ọmọ yẹn wọ mọ́tò láti Gwagwalada wá bá yín ní Banex, ó ṣí ìwé wò, ó ní kì í ṣe èyí, ẹ̀yin náà ti fi iṣẹ́ yín sílẹ̀ wá síbẹ̀, gbogbo yín fi owó ọkọ̀ àti ọ̀sán gangan ṣòfò lórí ohun tí nọ́ńbà ẹ̀yìn ìwé ì bá ti yanjú látorí WhatsApp.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká ka nọ́ńbà náà fúnra ẹ̀. Oní-13 pín sí ọ̀nà márùn-ún, àwọn ìlà kéékèèké tó wà láàárín ẹ̀ ló sì ń pín in. 978 tàbí 979 ló máa ń bẹ̀rẹ̀, ìyẹn kàn ń sọ pé ìwé ni, kì í ṣe mílíìkì inú agolo. Èyí tó tẹ̀ lé e ló ń sọ orílẹ̀-èdè tàbí èdè: 0 àti 1 fún àwọn ìlú tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, 2 fún Faransé, 3 fún Jámánì. Tiwa ní Nàìjíríà? 978. Bẹ́ẹ̀ ni o, 978 náà ni, torí ẹ̀ ni ìwé tí wọ́n tẹ̀ nílé fi máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 978-978 tí àwọn èèyàn á rò pé wọ́n ṣèèṣì tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà ni nọ́ńbà ilé iṣẹ́ atẹ̀wé, nọ́ńbà ìwé náà fúnra ẹ̀, àti nọ́ńbà kan ṣoṣo tó gbẹ̀yìn. National Library of Nigeria ló ń fún àwọn atẹ̀wé ní ISBN nílẹ̀ wa, olú ilé iṣẹ́ wọn wà ní Abuja níbí.

978 méjì yìí ló ń da àwọn tó ń ta ìwé ilé àtijọ́ láàmú jù. Ìwé Nàìjíríà tí wọ́n tẹ̀ ṣáájú 2007 ní nọ́ńbà 10, ó sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 978 tó dúró fún Nàìjíríà. Ẹni tó bá wò ó á ní "ah, oní-13 ni, mẹ́ta ti pa rẹ́ lẹ́yìn", á wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá mẹ́ta tí kò sí níbì kankan. Kò sí ohun tó pa rẹ́. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ sọ ọ́ di oní-13, ẹ tún gbé 978 míì síwájú ẹ̀, kẹ́ ẹ wá yí nọ́ńbà tó gbẹ̀yìn padà, torí ìṣirò ìyẹn ti yàtọ̀. Tẹ́ ẹ bá sì rí X níparí oní-10, ẹ má pa á rẹ́ jàre, 10 ni X yẹn dúró fún.

Ìṣirò wo? Nọ́ńbà tó gbẹ̀yìn yẹn, ọlọ́pàá ni. Ẹ wo 978-0-306-40615-7. Ẹ mú méjìlá àkọ́kọ́, ẹ fi 1 sọ èkíní di púpọ̀, ẹ fi 3 sọ èkejì di púpọ̀, 1, 3, 1, 3 báyìí lọ dé òpin, ẹ wá ro gbogbo ẹ̀ pọ̀, 93 lẹ máa rí. Kí ló kù kó fi dé 100? 7. Òun ló wà níparí yẹn. Tẹ́ ẹ bá ṣi nọ́ńbà kan ṣoṣo tẹ̀, ìṣirò ò ní bára mu, ìkànnì á ní nọ́ńbà yín ò dáa, kì í ṣe nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló ń ṣe yín, ẹ padà lọ wo ìwé yín. Àmọ́ ọlọ́pàá yìí náà máa ń sùn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan o, tẹ́ ẹ bá kọ 16 dípò 61 tó wà láàárín nọ́ńbà yẹn, kò ní mọ̀, torí 6 fi 5 ju 1 lọ, nọ́ńbà méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn tí 5 bá wà láàárín wọn lè pààrọ̀ ipò kí ìṣirò má ṣẹ̀. Ìwé ẹlòmíì lẹ máa gbé síta nìyẹn láìmọ̀.

Lórí Amazon tàbí eBay, tẹ́ ẹ bá ti tẹ ISBN wọlé, ìkànnì náà á gbé orúkọ ìwé, ẹni tó kọ ọ́ àti àwòrán èèpo ẹ̀ jáde fúnra ẹ̀, ẹ̀yin á kàn sọ bí tiyín ṣe rí àti iye tẹ́ ẹ fẹ́. Lórí Jiji àti Facebook tiwa níbí, ẹ̀yin lẹ máa kọ gbogbo ẹ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn sì máa ń fo ISBN torí wọn ò rí ibi tí wọ́n ní kí wọ́n kọ ọ́ sí. Inú àlàyé ọjà ni kẹ́ ẹ kọ ọ́ sí. Kẹ́ ẹ tún ya fọ́tò ojú ewé tó wà lẹ́yìn ojú ewé àkọ́kọ́ tí orúkọ ìwé wà, ibi tí wọ́n kọ ọdún, ilé iṣẹ́ atẹ̀wé àti ISBN sí, kó hàn ketekete, kí àtàǹpàkò yín má bo nǹkan mọ́lẹ̀. Ojú ewé yẹn náà lẹ ti sábà máa ń rí ìlà kan bíi 10 9 8 7 6 5 4, èyí tó kéré jù níbẹ̀ ló ń sọ iye ìgbà tí wọ́n ti tẹ ẹ̀díṣọ̀n yẹn, níbí yìí ìgbà kẹrin. Kẹ́ ẹ tó dá iye lé e, ẹ tẹ ISBN yẹn sí Google, ẹ wo iye tí irú ẹ̀ gan-an ń lọ, kì í ṣe iye tí orúkọ ìwé yẹn ń lọ, àwọn méjèèjì lè jìnnà síra.

Ìwé Amẹ́ríkà máa ń ní bákóòdù kékeré kejì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ńlá, nọ́ńbà márùn-ún ló wà lórí ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rí 51499, owó dọ́là ni 5 tó ṣáájú, 14.99 sì ni iye tí wọ́n ń ta á ní tuntun. 90000 túmọ̀ sí pé wọn ò fi iye sí i. Mo ti rí ẹni tó fi ìyẹn kún ISBN tó sì ń bínú pé ìwé òun ò sí nínú ayé.

Ohun tí ISBN ò lè sọ fún kọ́sítọ́mà pọ̀. Kò lè sọ pé ọmọ yín ti fi báírò ya mọ́tò sí ojú ewé 40, tàbí pé òjò ti kan án tí ìsàlẹ̀ ẹ̀ sì wú, ẹ̀yin lẹ máa sọ ìyẹn fúnra yín. Amazon ní ipele mẹ́rin fún ìwé àlòkù, Like New, Very Good, Good àti Acceptable, àwọn tó ń rà á lára wa náà ti mọ ọ̀rọ̀ yẹn, ṣùgbọ́n "Good" lẹ́nu ẹni tó ń tajà àti "Good" lójú ẹni tó ń rà á kì í bára mu, ẹ kúkú sọ ọ́ lédè tó yé èèyàn: wọ́n ti fi háíláítà fa orí mẹ́ta àkọ́kọ́, ojú ewé ò já. Paapaa tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi waybill ránṣẹ́ sí Zaria tàbí Jos láti gáréèjì, tẹ́nì kan ò ní lè yẹ̀ ẹ́ wò kó tó sanwó.

Kò sì lè sọ pé ìwé yẹn kì í ṣe ayédèrú. Àwọn tó ń tẹ ayédèrú ń ya gbogbo èèpo ìwé náà ni, ISBN, bákóòdù àti gbogbo ẹ̀, ẹ̀rọ á kà á, orúkọ ìwé á sì jáde. Bébà ni kẹ́ ẹ wò, tó bá fẹ́lẹ́ tí ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ń yọ síwájú, tí àwòrán èèpo ṣú, tí gọ́ọ̀mù ẹ̀yìn ẹ̀ sì ń já lẹ́ẹ̀kan tẹ́ ẹ bá là á, ẹ má gbé e síta. Ẹ̀ṣẹ̀ ni títa ayédèrú lábẹ́ òfin Copyright Act ti 2022.

Géèmù wá ńkọ́? Géèmù kì í sábà ní ISBN, bákóòdù lásán ló ní, nọ́ńbà 12 tó bá jẹ́ ti Amẹ́ríkà, 13 tó bá jẹ́ ti Yúróòpù. Tó bá jẹ́ díìsì PS4, ẹ wá CUSA lára páálí ẹ̀, nọ́ńbà márùn-ún ló tẹ̀ lé e, òun ló ń sọ irú èyí tó jẹ́. Díìsì PS4 àti PS5 ò ka ìlú sí, ti Amẹ́ríkà á ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀rọ tí wọ́n gbé wá láti Dubai. Ibi tí wàhálà wà ni DLC, ìyẹn àfikún tí wọ́n ń rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó gbọ́dọ̀ bá agbègbè díìsì mu, ọ̀pọ̀ nínú wa ló sì ń lo àkáǹtì Amẹ́ríkà tàbí ti ìlú ọba láti fi rà á. Ẹ kàn wo iwájú páálí: tí ọjọ́ orí bá wà nínú àpótí kékeré tí wọ́n kọ PEGI sí, 3, 7, 12, 16 tàbí 18, ti Yúróòpù ni; tó bá jẹ́ lẹ́tà E, T tàbí M lábẹ́ ESRB, ti Amẹ́ríkà ni. Ẹ kọ ọ́ sínú àlàyé. Kóòdù tó wà nínú páálí, ẹ kà á sí òkú tẹ́nì kan bá ti lò ó, ẹ má tà á mọ́ díìsì bíi pé ó ṣì wà láàyè. Ẹ sì bi kọ́sítọ́mà bóyá PS5 tiẹ̀ ní ojú díìsì, Digital Edition ò ní.

Tó bá jẹ́ géèmù orí tábìlì, kíkà ni. Scrabble Gẹ̀ẹ́sì gbọ́dọ̀ pé 100, méjì tí ò ní lẹ́tà wà nínú ẹ̀, lúdò 16, ṣẹ́ẹ̀sì 32, ọmọ ayò 48. Tẹ́ ẹ bá ti ka Scrabble tó jẹ́ 98, ẹ kọ 98, kẹ́ ẹ sì kọ lẹ́tà tí ò sí, ẹni tó ní ẹ̀yà tiẹ̀ nílé lè rà á.

Ó ku ìwé tí ò ní ISBN rárá. Ìwé tó ṣáájú 1970 sábà máa ń wà bẹ́ẹ̀, ìwé orin ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́, ìwé kéwú, àwọn ìwé ìtàn Hausa pẹlẹbẹ tí wọ́n ń tẹ̀ ní Kano náà wà tí ò ní. Ìyẹn ò sọ wọ́n di ìkọ̀sílẹ̀, òmíràn níbẹ̀ lówó lórí ju ìwé yunifásítì lọ. Ẹ kọ orúkọ ìwé bó ṣe wà lójú ewé inú, ẹni tó kọ ọ́, ilé iṣẹ́ atẹ̀wé, ìlú tí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ àti ọdún, kẹ́ ẹ ka iye ojú ewé ẹ̀ kẹ́ ẹ fi kún un. Tí ò bá sí ọdún níbẹ̀, ẹ kọ pé kò sí ọdún, ẹ má fi ojú díwọ̀n.