Kí ni gbígbèjà pọ́ìǹtì nínú tẹ́nìsì? Àlàyé láti inú iṣẹ́ Angelique Kerber

Ní ọjọ́ 17, oṣù Keje, ọdún 2017, Karolina Pliskova, ọmọ orílẹ̀-èdè Czech, gorí ipò kìíní nínú àtẹ àwọn obìnrin tó ń fi tẹ́nìsì ṣiṣẹ́ jẹ ní gbogbo àgbáyé. Ìdíje Wimbledon ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ni, ìpele kejì ni wọ́n sì ti lé Pliskova kúrò níbẹ̀. Angelique Kerber, ọmọ Jámánì tí Pliskova gba ipò náà lọ́wọ́ rẹ̀, ṣe dáadáa jù ú lọ nínú ìdíje kan náà, nítorí pé ìpele kẹrin ni òun dé. Báwo ni ẹni tó tètè fìdí rẹmi ṣe wá di olórí, tí ẹni tó lọ jìnnà jù ú lọ sì pàdánù ipò? Ohun tó fà á ni èyí tí àwọn oníròyìn eré ìdárayá ń pè ní gbígbèjà pọ́ìǹtì. Lójú tèmi, kò sí eléré tí ìtàn iṣẹ́ rẹ̀ ṣàlàyé ọ̀rọ̀ náà yéni tó ti Kerber yìí.

Ẹgbẹ́ tó ń darí tẹ́nìsì àwọn obìnrin, ìyẹn WTA, ló ni àtẹ ipò náà. Ọjọ́ 3, oṣù Kọkànlá, ọdún 1975 ni wọ́n kọ́kọ́ fi kọ̀ǹpútà ṣe é, Chris Evert ará Amẹ́ríkà ló sì wà lókè pátápátá nígbà náà. Ìdíje kọ̀ọ̀kan ní iye pọ́ìǹtì tó ń fún ènìyàn, bí ìdíje bá ṣe tóbi tó ni pọ́ìǹtì rẹ̀ ṣe ń pọ̀ tó. Àwọn ìdíje ńlá mẹ́rin tí gbogbo ayé mọ̀, èyí tí wọ́n ń ṣe ní Australia, ní Faransé, ní Wimbledon nílùú London àti ní New York, ló ga jù. Ẹni tó bá gba ife ọ̀kan nínú wọn yóò gba 2,000. Ẹni tó bá fìdí rẹmi ní àṣekágbá yóò gba 1,300, ẹni tó bá dúró sí ìpele tó kángun sí àṣekágbá yóò gba 780, báyìí ni yóò sì ṣe máa dín kù títí dé ọ̀dọ̀ ẹni tí wọ́n lù ní ìpele àkọ́kọ́, tí kò ní rí ju 10 lọ. Ẹ fi ojú sí bí àlàfo àárín wọn ṣe gbòòrò tó. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àṣekágbá kan ṣoṣo, tí ó lè má tó wákàtí méjì, ni 700 pọ́ìǹtì so mọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń dà rú mọ́ àwọn ènìyàn lójú ni pé pọ́ìǹtì wọ̀nyí kì í ṣe ohun ìní títí láé. Ọ̀sẹ̀ 52 péré ni wọ́n ń lò lórí àtẹ. Tí ọ̀sẹ̀ 52 bá ti pé, pọ́ìǹtì ìdíje náà yóò bọ́ sílẹ̀, èyí tí eléré náà bá rí gbà nínú ìdíje kan náà lọ́dún tuntun ni yóò sì rọ́pò rẹ̀. Ó dà bí owó ilé ọdọọdún: bó ti wù kí ayálégbé ti tètè san ti ọdún tó kọjá, tí ọdún bá yípo, onílé kò ní fi ti èṣí gba ti ọdún yìí. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń sọ pé eléré ń gbèjà pọ́ìǹtì: bí ó bá ṣe bí ó ti ṣe lọ́dún tó kọjá, iye tó ní kò ní yí padà. Tí ó bá ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ, yóò lékún, tí kò bá sì tó bẹ́ẹ̀, àdánù ni. Kì í tún ṣe gbogbo ìdíje tí eléré bá lọ ni wọ́n ń kà. Ní àsìkò tí Kerber ń jọba, 16 ni iye ìdíje tó lè wọ inú ìṣirò rẹ̀, dandan sì ni kí àwọn ìdíje ńlá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà lára wọn.

Ìlú Bremen ni wọ́n bí Kerber sí ní oṣù Kìíní ọdún 1988, Kiel ló sì dàgbà sí. Ọmọ Poland ni àwọn òbí rẹ̀. Ọwọ́ òsì ló fi ń gbá bọ́ọ̀lù bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọwọ́ ọ̀tún ló fi ń ṣe ọ̀pọ̀ nǹkan mìíràn. Ọdún 2003 ló bẹ̀rẹ̀ sí í fi eré náà ṣiṣẹ́, ó sì pẹ́ gan-an kí ayé tó gbọ́ orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ọdún 2015 ni mo fẹ́ kí a fi ṣe ìpìlẹ̀ ìṣirò wa. Lọ́dún náà, wọ́n lù ú ní ìpele àkọ́kọ́ ní Australia, ó sì dúró sí ìpele kẹta ní Faransé, ní Wimbledon àti ní New York. Lójú ẹni tó ń wá òkìkí, ọdún burúkú nìyẹn ní àwọn ìdíje ńlá. Ṣùgbọ́n lójú oníṣirò, ẹni tí kò kó nǹkan púpọ̀ jọ ní èṣí kò ní nǹkan púpọ̀ tí yóò sọnù.

Nígbà tí ọdún 2016 dé, Kerber fẹ́rẹ̀ẹ́ tún ká ẹrù rẹ̀ kúrò ní Australia ní ìpele àkọ́kọ́, nítorí pé Misaki Doi ará Japan gbá a débi pé bọ́ọ̀lù kan péré ló kù fún un láti jáwé olúborí. Kerber yọ nínú ewu náà, kò sì dúró mọ́ títí tó fi pàdé Serena Williams ní àṣekágbá, tó sì na án ní 6–4, 3–6, 6–4. Bí Doi bá ti rí bọ́ọ̀lù yẹn gbá ni, 10 ni Kerber ì bá tún mú lọ sílé. Dípò ìyẹn, 2,000 ló gbà, àlékún 1,990 ni fún un, ó sì sáré dé ipò kejì lágbàáyé.

Ẹ wá wo ọ̀dọ̀ Serena. Òun ló gba ife náà lọ́dún 2015, nítorí náà 2,000 ló ń gbèjà. Dídé àṣekágbá tó dé fún un ní 1,300, èyí tó túmọ̀ sí pé ó jáde kúrò nínú ìdíje tó ti lu gbogbo ènìyàn àfi ẹnì kan ṣoṣo, síbẹ̀ tí àpò rẹ̀ fi 700 dín. Ohun kan náà lè ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó tilẹ̀ gba ife. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2016, Kerber gba ife ẹ̀yẹ ìdíje Stuttgart ní ilé rẹ̀ ní Jámánì, àwọn ará ilé pàtẹ́wọ́ fún un, wọ́n sì fún un ní mọ́tò. Ṣùgbọ́n òun náà ló gbà á lọ́dún 2015, 470 sì ni ìdíje náà ń san fún olúborí. 470 bọ́ sílẹ̀, 470 wọlé. Àlékún rẹ̀ kò tó ẹyọ kan.

Ó fìdí rẹmi ní ìpele àkọ́kọ́ ní Faransé lọ́dún náà, àdánù 120 sì nìyẹn. Ní Wimbledon, ó dé àṣekágbá, Serena sì gbẹ̀san lára rẹ̀ ní 7–5, 6–3, síbẹ̀ Kerber fi 1,170 lékún. Nínú ìdíje Òlíḿpíìkì ní Rio, ó gba àmì ẹ̀yẹ fàdákà lẹ́yìn tí Monica Puig ọmọ Puerto Rico lù ú ní àṣekágbá. Òlíḿpíìkì yìí kò fún ẹnikẹ́ni ní pọ́ìǹtì kankan lórí àtẹ WTA, nítorí náà fàdákà tí gbogbo Jámánì yọ̀ lé lórí kò gbé e sókè, kò sì ṣí i nípò. Ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà ló dé àṣekágbá ní Cincinnati, níbi tó jẹ́ pé ká ní ó borí ni, ipò kìíní ì bá ti di tirẹ̀. Pliskova ló dá a dúró.

Ní New York ni ọ̀rọ̀ náà parí sí, ọ̀nà tó sì gbà parí fi hàn pé ipò ènìyàn kì í fìgbà gbogbo wà ní ọwọ́ òun fúnra rẹ̀. Serena kọ́kọ́ gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tirẹ̀ ní ìpele tó kángun sí àṣekágbá, Pliskova sì lù ú. Bí ìyẹn ti ṣẹlẹ̀ báyìí ni ipò kìíní di ti Kerber, kí ó tó wọ pápá rárá láti kojú Caroline Wozniacki. Ó na Wozniacki, ó na Pliskova náà ní àṣekágbá, wọ́n sì tẹ orúkọ rẹ̀ sókè àtẹ ní ọjọ́ 12, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2016. Ọ̀sẹ̀ 186 ni Serena ti lò léraléra lórí ipò náà, bákan náà gẹ́lẹ́ pẹ̀lú iye tí Steffi Graf, ọmọ Jámánì mìíràn, ti lò ṣáájú rẹ̀. Ọmọ ọdún 28 ni Kerber nígbà náà, kò sì tíì sí obìnrin tó dàgbà tó bẹ́ẹ̀ kó tó kọ́kọ́ dé ibẹ̀.

Gbèsè ọdún yẹn ló wá kọjú sí i lọ́dún 2017. Nínú ìdíje ńlá mẹ́rin nìkan, ó ti kó 5,310 jọ lọ́dún 2016, gbogbo rẹ̀ pátá sì ni ó gbọ́dọ̀ tún wá. Ìpele kẹrin ló dúró sí ní Australia, ìpele àkọ́kọ́ ní Faransé, ìpele kẹrin ní Wimbledon, Naomi Osaka sì lé e jáde ní ìpele àkọ́kọ́ ní New York. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 500. Àdánù 4,810 nìyẹn, kí a tó ka àwọn ìdíje kéékèèké mọ́ ọn. Láàárín ọdún náà, ipò kìíní ń lọ ó ń bọ̀ láàárín òun àti Serena, débi pé ní ọjọ́ 24, oṣù Kẹrin, Serena padà sókè nígbà tí gbogbo ayé ti mọ̀ pé ó wà nínú oyún, tí kò sì tíì gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kankan láti oṣù Kìíní. Ti Wimbledon tí mo fi bẹ̀rẹ̀ sì rọrùn láti ṣírò báyìí: 1,300 Kerber di 240, ó pàdánù 1,060. Pliskova ní tirẹ̀ kò kọjá ìpele kejì lọ́dún 2016, kò sì kọjá ibẹ̀ lọ́dún 2017, 70 bọ́, 70 wọlé. Ẹni tí kò rí nǹkan kan fi kún un ló borí ẹni tí nǹkan rẹ̀ bọ́. Ipò 21 ni Kerber wà nígbà tí ọdún náà parí.

Àwọn oníròyìn kan kọ ọ́ nígbà náà pé eré rẹ̀ ti tán. Àtẹ kò sọ bẹ́ẹ̀, kò tilẹ̀ lè sọ bẹ́ẹ̀, nítorí pé ohun tó ń sọ kò ju ohun tó ti ṣẹlẹ̀ láàárín ọdún kan lọ. Lọ́dún 2018, tí kò ní ẹrù púpọ̀ láti gbèjà mọ́, ó dé ìpele tó kángun sí àṣekágbá ní Australia, ó sì na Serena ní 6–3, 6–3 láti gba Wimbledon, ife tí obìnrin Jámánì kankan kò gbà mọ́ láti ìgbà Graf lọ́dún 1996. 240 di 2,000. Ó parí ọdún náà ní ipò kejì. Ọdún tó tẹ̀ lé e, Lauren Davis lù ú ní ìpele kejì ní Wimbledon kan náà, 1,930 sì fò lọ ní ọ̀sán ọjọ́ kan.

Kì í ṣe iyì nìkan ni wọ́n ń torí rẹ̀ gbèjà pọ́ìǹtì. Ipò ló ń pinnu ẹni tí yóò wọ ìdíje ńlá láìkọ́kọ́ yege nínú ìdánwò àbáwọlé. Òun náà ló ń pinnu àwọn 32 tí wọ́n máa ń yà sọ́tọ̀ kí wọ́n má baà tètè pàdé ara wọn. Lọ́dún 2011, ipò 92 ni Kerber wà nígbà tó dé New York. Ó wọlé tààrà, ṣùgbọ́n kò sí lára àwọn tí wọ́n yà sọ́tọ̀, ó sì ṣeé ṣe kí wọ́n fi í kojú ẹnikẹ́ni láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Ó dé ìpele tó kángun sí àṣekágbá kí Samantha Stosur tó lù ú, láti ìgbà náà ni kò sì tún ní ìṣòro àtiwọlé mọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Kí wá ni ti obìnrin tó bá lóyún? Ọ̀sẹ̀ 52 kì í dúró de ẹnikẹ́ni, tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá bímọ tó sì tọ́ ọ díẹ̀ yóò padà wá bá àpò òfìfo. Èyí ni WTA ṣe fi ààyè ipò àkànṣe sílẹ̀, tí irú eléré bẹ́ẹ̀ lè fi ipò tó wà kó tó lọ wọ iye ìdíje kan pàtó. Kerber bí ọmọbìnrin rẹ̀ ní ọdún 2023, ó sì padà sí pápá ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024, kó tó fi eré náà sílẹ̀ lẹ́yìn Òlíḿpíìkì Paris lọ́dún kan náà. Mo rò pé òfin tó dára ni, àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ó pé tán: ilẹ̀kùn nìkan ló ń ṣí, kò fi pọ́ìǹtì kankan sí àpò. Nígbà tí Danielle Collins lu Kerber ní ìpele àkọ́kọ́ ní Australia ní oṣù Kìíní ọdún náà, 10 tí wọ́n ń fún gbogbo ẹni tó bá fìdí rẹmi níbẹ̀ náà ni wọ́n fún un.