Kí Ẹ Tó Ra Katakata, Ẹ Wo Ẹ̀yìn Rẹ̀ Ná

Gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń wá bá mi nítorí katakata tí ẹ fẹ́ máa fi ṣe koríko gbígbẹ tí ẹran ń jẹ àti iṣẹ́ oko, ìbéèrè kan náà lẹ fi ń bẹ̀rẹ̀: agbára ẹṣin mélòó ló ní? Bí mo bá ti dá yín lóhùn, ọ̀rọ̀ tán lójú yín, owó ti ń jáde lápò. Àwọn mìíràn kò tilẹ̀ béèrè. Wọ́n á ra tiwọn tán, wọ́n á wá pè mí pé kí n wá so ẹ̀rọ adìkoríko mọ́ ọn. Ìgbà náà la ó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé katakata tó dán gbinrin yìí kò lè ṣe iṣẹ́ tí wọ́n tìtorí rẹ̀ rà á. Ó ti sú mi, ìdí nìyí tí mo fi ń kọ èyí.

Nọ́ńbà agbára ẹṣin tí wọ́n lẹ̀ mọ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ti ẹ́ńjìnnì ni. Ẹ̀rọ tó ń gé koríko àti èyí tó ń dì í kò gba agbára lọ́wọ́ ẹ́ńjìnnì tààrà. Ẹ̀yìn katakata ni wọ́n ti ń gbà á, lára ṣáàfù tí à ń pè ní PTO. Kí agbára tó rìn débẹ̀, jíà ti jẹ nínú rẹ̀, pọ́ǹpù haidirọ́líìkì, èyí tó ń fi ọ́ìlì gbé ẹrù, ti bu tirẹ̀. Ohun tó ń run sójú ọ̀nà máa ń tó 10 sí 15 nínú 100. Katakata tí wọ́n kọ 50 sí lára, nǹkan bí 43 lẹ ó bá lẹ́yìn rẹ̀. Nọ́ńbà ẹ̀yìn yìí ni kí ẹ máa béèrè.

Ẹ̀rọ tó ń kó koríko jọ àti èyí tó ń tú u ká kó lè gbẹ kò béèrè ohun púpọ̀. Katakata 30 á fà wọ́n láìmí. Èyí tó ń dì í ní ìdì kéékèèké onígun mẹ́rin, ẹ máa wá nǹkan bí 35 lẹ́yìn. Èyí tó ń ká a rogodo, tí ìdì kan rẹ̀ lè wọn tó 450 kílò, ẹ má bá mi dárúkọ ohunkóhun tí kò tó 50, ẹ sì tún fi kún un bí ilẹ̀ yín bá ní òkè àti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ìwé tó bá ẹ̀rọ náà wá ló mọ iye tó fẹ́ gan-an. Ẹ kà á kí ẹ tó sanwó.

Ibi tí mo ti fẹ́ kí ẹ ní sùúrù fún mi nìyí, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ yín ti ń fẹsẹ̀ kọ. Oríṣi PTO mẹ́ta ló wà, ẹni tó ń ta katakata kò sì ní sọ èyí tó wà lára tirẹ̀ fún yín bí ẹ kò bá bi í.

Àkọ́kọ́ ń gba agbára nínú kílọ́ọ̀ṣì kan náà tí táyà ń lò. Bí ẹ bá tẹ kílọ́ọ̀ṣì, katakata dúró, PTO náà dúró. Púpọ̀ nínú àwọn katakata àtijọ́ tí owó wọn fúyẹ́ ló rí bẹ́ẹ̀. Ẹ wá wò ó: ẹ ń di koríko lọ, ẹ dé ibi tí ọ̀wọ́ koríko ti ki. Ohun tó yẹ ni kí katakata dúró díẹ̀ kí ẹ̀rọ lè jẹ èyí tó wà lẹ́nu rẹ̀ tán. Bí ẹ ṣe tẹ kílọ́ọ̀ṣì báyìí, ẹ̀rọ dákẹ́ tòun ti koríko lẹ́nu. Bí ẹ bá tún tú u sílẹ̀, katakata á gbé òkìtì mìíràn wá bá a. Bí ó ṣe ń há nìyẹn, tí ẹ ó sì sọ pé ẹ̀rọ adìkoríko ni kò dáa. Ti ẹ̀rọ agékoríko tí abẹ rẹ̀ ń yí gbirigbiri tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Abẹ yẹn wúwo, ó sì ti gba eré. Ẹ tẹ kílọ́ọ̀ṣì kí katakata lè dúró, abẹ kò dúró. Ó ń ti agbára rẹ̀ padà gba inú PTO wọ jíà, ó sì ń ti katakata síwájú nígbà tí ẹ rò pé ẹ ti dá a dúró. Mo ti rí ẹni tó fi báyìí wọ inú odò tòun ti katakata. Ohun èlò kékeré kan wà tí à ń fi sórí ṣáàfù, tó ń jẹ́ kí agbára lọ láìlè padà. Ẹni tó bá ní irú katakata yìí kò gbọdọ̀ gé koríko kankan láìsí i níbẹ̀.

Èkejì, kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ní ìtẹ̀ méjì. Ẹ tẹ̀ ẹ́ dé ìdajì, táyà dúró, PTO ń yí lọ. Ẹ tẹ̀ ẹ́ dé ìsàlẹ̀ pátápátá, gbogbo rẹ̀ dúró. Èyí ṣeé fi di koríko, bí ẹsẹ̀ yín bá gbọ́ràn.

Ẹ̀kẹta ní kílọ́ọ̀ṣì tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ọwọ́ lẹ fi ń tàn án, ọwọ́ lẹ fi ń pa á, ohun tí ẹsẹ̀ yín ń ṣe kò kàn án. Bí ẹ bá fẹ́ máa ká koríko rogodo, èyí ni kí ẹ rà. Nígbà tí ìdì bá ti kún, ẹ ní láti dúró lójú kan kí PTO máa yí, kí ẹ̀rọ lè fi okùn tàbí nẹ́ẹ̀tì wé e yípo, lẹ́yìn náà kí ẹ fi haidirọ́líìkì ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn kó yí jáde. Ìdì kọ̀ọ̀kan ni ẹ ó dúró fún bẹ́ẹ̀, láti àárọ̀ títí oòrùn yóò fi wọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ mọ èyí tó wà níwájú yín, ẹ tan PTO láìso ohunkóhun mọ́ ọn, kí ẹnì kan dúró lókèèrè máa wo ṣáàfù, kí ẹ wá tẹ kílọ́ọ̀ṣì wọlé díẹ̀díẹ̀. Ṣáàfù fúnra rẹ̀ á jẹ́wọ́.

Ẹ tún ka eyín orí ṣáàfù náà. Eyín 6 túmọ̀ sí ìyípo 540 ní ìṣẹ́jú kan. 20 tàbí 21 jẹ́ ti 1,000. Àwọn kan ń ta irin tí wọ́n fi ń so ẹ̀rọ 540 mọ́ ṣáàfù 1,000. Ẹ kọ̀ ọ́. Ẹ̀rọ tí a ṣe fún 540 tí ẹ ń fi eré tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì tirẹ̀ lù, ẹ̀yìn yín ló máa fọ́nká sí.

Ọ̀rọ̀ ìwúwo tún wà. Katakata kékeré kan lè ní ẹ́ńjìnnì 50 kó má sì ju 1,700 kílò lọ. Èyí tí wọ́n kọ́ fún oko gidi, tí agbára ẹ́ńjìnnì wọn dọ́gba, lè ju 2,300 lọ. Àwọn méjèèjì lè fa ẹ̀rọ adìkoríko tó kún lórí ilẹ̀ títẹ́jú. Ní ìsọ̀kalẹ̀ òkè, ẹ̀rọ yẹn ló máa ti èyí kékeré lọ síbi tó bá wù ú. Iye ẹrù tí wọ́n ní katakata lè gbé lẹ́yìn pàápàá, ẹ bi wọ́n léèrè ibi tí wọ́n ti wọ̀n ọ́n. Wọ́n lè wọ̀n ọ́n níbi orí apá ìgbẹ́rù gan-an, wọ́n sì lè wọ̀n ọ́n ní 610 mìlímítà sẹ́yìn. Nọ́ńbà ti àkọ́kọ́ máa ń tóbi jù, òun ni wọ́n sì ń kọ gàdàgbà sínú ìwé ìpolówó. Ìdì rogodo kò jókòó sórí apá. Àárín rẹ̀ jìnnà sẹ́yìn. Bí ẹ bá gbé e, ó kéré tán, kí 20 nínú 100 ìwúwo gbogbo rẹ̀ ṣì wà lórí táyà iwájú, láìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ ó kàn máa yí sítíárín lásán ni.

Ẹ ò sì ní láti gba ẹni tó ń tajà gbọ́. Láti 1919 ni ìpínlẹ̀ Nebraska ní Amẹ́ríkà ti ṣòfin pé kí wọ́n máa dán katakata wò kí wọ́n tó tà á níbẹ̀, nítorí irọ́ àwọn oníṣòwò ti pọ̀ jù. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìdánwò náà ní 1920, yunifásítì ìpínlẹ̀ náà ló sì ń ṣe é. Agbára PTO, epo tó ń jẹ, ohun tó lè gbé, gbogbo rẹ̀ wà nínú ìwé àbájáde katakata tí wọ́n bá dán wò, ẹnikẹ́ni sì lè kà á.

Dípò kí ẹ ka èyí, ẹ ń gbọ́ ti àwọn tó ń pe ara wọn ní mẹkáníìkì. Wọ́n ní èéfín dúdú ni àmì agbára. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Èéfín dúdú ni epo tí kò rí afẹ́fẹ́ tó láti jó tán. Owó yín ló ń fò lọ sójú ọ̀run. Èéfín búlúù ni ẹ́ńjìnnì tó ń jẹ ọ́ìlì. Iṣẹ́ yìí, kíkọ́ ni mo kọ́ ọ, lábẹ́ ọ̀gá, pẹ̀lú ìwé, mo sì lè fetí mọ PTO tí kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ti ń yọ̀. Ó ń dùn mí pé ẹni tí kò mọ̀ ju kó máa fi òòlù lu irin lọ ni ẹ ń gbé katakata yín fún.

Ọ̀kan nínú wọn ló ṣe àgbẹ̀ kan báyìí. Àgbẹ̀ náà ra katakata àtijọ́ tòun ti ẹ̀rọ adìkoríko. Ike tó bo ṣáàfù PTO ti sán lápá kan. Mẹkáníìkì yìí ní ike náà kò wúlò, pé ń ṣe ló ń dí òun lọ́wọ́ bí òun bá fẹ́ fi gírísì sí i, ó bá yọ ọ́ jù sígbó. Lọ́jọ́ tí koríko há sẹ́nu ẹ̀rọ, àgbẹ̀ náà sọ̀ kalẹ̀ láti fi ọwọ́ fà á, ó fi ṣáàfù sílẹ̀ tó ń yí. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Etí apá ẹ̀wù rẹ̀ kan ìsopọ̀ irin tó wà láàárín ṣáàfù.

Ẹ jẹ́ kí n ṣírò rẹ̀ fún yín. Ìyípo 540 ní ìṣẹ́jú kan jẹ́ 9 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ṣáàfù tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 8 á wé sẹ̀ǹtímítà 25 aṣọ mọ́ra ní ìyípo kan. Aṣọ tó ju mítà méjì ló fẹ́ gbé mì ní ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo, apá ènìyàn kò sì tó mítà kan. Kò sí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ yá tó o. Gbígbó tí ẹ̀wù náà ti gbó ló gba ọkùnrin yìí là: ó ya láti èjìká, ó bọ́ lára rẹ̀, ọmọ rẹ̀ sì sáré pa ẹ́ńjìnnì. Eegun apá rẹ̀ ṣẹ́ níbi méjì, ìka ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò sì ká mọ́ títí di òní.

Mẹkáníìkì náà wá kí i, ó ní iṣẹ́ ọwọ́ ọ̀tá ni. Mo wà níbẹ̀. Mo ní ọ̀tá wo? Ike tí ìwọ fọwọ́ ara rẹ yọ ni!

Nítorí náà, bí ìbòrí ṣáàfù bá ti sán, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ kí ẹ tó lọ sóko. Bí ohunkóhun bá há, ẹ pa PTO, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ yọ kọ́kọ́rọ́ sápò, ẹ dúró kí gbogbo rẹ̀ dákẹ́, kí ẹ tó sọ̀ kalẹ̀. Kí ẹ sì wò bóyá òpó irin ààbò wà lẹ́yìn ìjókòó, èyí tí kì í jẹ́ kí katakata tẹ awakọ̀ pa bó bá dojú dé. Láti 1959 ni orílẹ̀-èdè Sweden ti sọ ọ́ di dandan fún katakata tuntun. Ní Amẹ́ríkà, 1985 ni àwọn tó ń ṣe katakata fohùn ṣọ̀kan láti máa fi í sí gbogbo tuntun tó bá ju agbára ẹṣin 20 lọ. Èyí tó bá dàgbà ju ìyẹn lọ lè má ní in. Ẹ ra òpó náà mọ́ ọn, ẹ sì máa de bẹ́líìtì. Òpó láìsí bẹ́líìtì kò lè dá awakọ̀ dúró sórí ìjókòó.

Ẹni tó bá fẹ́ kí n bá òun wo katakata àlòkù kan, kó sọ fún ẹni tó ń tà á pé kó má tan iná rẹ̀ dè mí. Mo fẹ́ bá ẹ́ńjìnnì náà ní tútù, kí èmi fúnra mi kọ́kọ́ ṣáná sí i láàárọ̀ ọjọ́ yẹn.