Ipa àwọn olùkọ́ nínú àmúlò Common Core

Common Core State Standards, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní Common Core, ni òṣùwọ̀n ẹ̀kọ́ ìṣirò àti èdè Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n gbé jáde ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà ní ọjọ́ 2 oṣù Òkúdù ọdún 2010. Ó sọ ohun tó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ àti ohun tó yẹ kó lè dá ṣe kó tó kúrò ní kíláàsì kọ̀ọ̀kan, láti ilé-ìwé jẹ́lé-ó-sinmi títí dé kíláàsì 12. Kò sọ ìwé tí wọn yóò lò, kò sì sọ bí olùkọ́ yóò ṣe kọ́ ọ. Ìgbìmọ̀ ẹ̀kọ́ ìpínlẹ̀ lè dìbò gbà á ní ọ̀sán ọjọ́ kan. Sísọ ọ́ di ẹ̀kọ́ nínú kíláàsì gba ọdún púpọ̀, àwọn olùkọ́ ló sì ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀

Ọ̀rọ̀ òṣùwọ̀n ẹ̀kọ́ ti wà nílẹ̀ ṣáájú 2010. Ní 1983, ìròyìn kan tí ìjọba àpapọ̀ gbé jáde, A Nation at Risk, ké gbàjarè pé ẹ̀kọ́ ń jó àjórẹ̀yìn. Ní 1989, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ ìṣirò, National Council of Teachers of Mathematics, gbé òṣùwọ̀n ìṣirò tiwọn síta, ní oṣù díẹ̀ ṣáájú ìpàdé tí Ààrẹ George H. W. Bush pe àwọn gómìnà sí ní Charlottesville lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́. Òfin No Child Left Behind, tí wọ́n buwọ́ lù ní 2002, wá sọ ọ́ di dandan fún ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan láti ní òṣùwọ̀n àti ìdánwò. Ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń gbé àmì tirẹ̀ kalẹ̀, débi pé ọmọ tó yege níhìn-ín lè fìdí rẹmi tí àwọn òbí rẹ̀ bá kó lọ sí ìpínlẹ̀ kejì.

Ní 2009, ẹgbẹ́ àwọn gómìnà àti ẹgbẹ́ àwọn olórí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ìpínlẹ̀ fìmọ̀ ṣọ̀kan láti kọ òṣùwọ̀n kan ṣoṣo. Ìpínlẹ̀ 48 ló fọwọ́ sí i. Texas àti Alaska nìkan ni kò bá wọn lọ. Ètò Race to the Top ti ìjọba àpapọ̀, níbi tí àwọn ìpínlẹ̀ ti ń díje fún owó dọ́là bílíọ̀nù 4.35, ń fún ìpínlẹ̀ tó bá gba irú òṣùwọ̀n bẹ́ẹ̀ ní máàkì kún máàkì, èyí sì mú kí ọ̀pọ̀ yára. Kentucky tilẹ̀ gbà á ní oṣù Èrèlé 2010, kí wọ́n tó parí kíkọ rẹ̀.

Phil Daro, William McCallum àti Jason Zimba ló ṣáájú kíkọ ti ìṣirò. David Coleman àti Susan Pimentel ló ṣáájú ti èdè. Nínú àwọn márùn-ún yìí, kò sí ẹni tó ń kọ́ ọmọ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tàbí girama nígbà náà. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ olùkọ́ méjèèjì, AFT (American Federation of Teachers) àti NEA (National Education Association), yan àwọn olùkọ́ láti yẹ àkọsílẹ̀ náà wò kó tó jáde. Síbẹ̀, àwọn alátakò kò yé sọ pé ẹ̀yìn ni wọ́n ti pe àwọn tó mọ kíláàsì, ẹ̀sùn náà sì ní ẹsẹ̀ nílẹ̀.

Títú gbólóhùn palẹ̀

Gbólóhùn inú òṣùwọ̀n ẹ̀kọ́ kì í sábà gùn, àmọ́ ó máa ń ki. Ti ìdá ní kíláàsì 3 jẹ́ àpẹẹrẹ kan. Òṣùwọ̀n náà ní kí ọmọ mọ̀ pé tí a bá pín odindi nǹkan sí ọ̀nà tó dọ́gba, ìpín kan níbẹ̀ ló ń bí ìdá, kí ó sì lè fi ìdá hàn lórí ìlà nọ́ńbà. Olùkọ́ tó ti ń fi òbìrìkìtì tí wọ́n kun lápá kan kọ́ ìdá fún ogún ọdún yóò rí i pé ìyàtọ̀ ti dé. Ìdá ti kúrò ní àwòrán, ó ti di nọ́ńbà gidi tó ní àyè tirẹ̀ láàárín 0 àti 1. Ní kíláàsì 3, nọ́ńbà ìsàlẹ̀ kò kọjá 2, 3, 4, 6 àti 8. Àròpọ̀ ìdá tí nọ́ńbà ìsàlẹ̀ wọn bára mu di kíláàsì 4, èyí tí kò bára mu di kíláàsì 5, fífi ìdá pín ìdá di kíláàsì 6.

Nítorí náà, olùkọ́ kan kò lè dá a ṣe. Àwọn olùkọ́ kíláàsì tó tẹ̀lé ara wọn ní láti jókòó pọ̀, kí wọ́n tú gbólóhùn náà sí wẹ́wẹ́: kí ni ọmọ yóò ṣe tí a ó fi mọ̀ pé ó yé e? Kí ló yẹ kí ó ti kọ́ lọ́dún tó kọjá? Ojú ìwé wo nínú ìwé tó wà lọ́wọ́ ni kò bá a mu mọ́? Wọ́n á kó iṣẹ́ àwọn ọmọ sórí tábìlì, wọ́n á sì jọ yẹ̀ ẹ́ wò. Ọdún kìn-ín-ní ló le jù, nítorí pé ọmọ tó wà ní kíláàsì 5 lọ́dún náà kò gba kíláàsì 3 tuntun kọjá rí. Àlàfo tó wà láàárín ti àtijọ́ àti ti tuntun wà lọ́rùn olùkọ́.

Ìwé pàápàá dá wàhálà sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ìtẹ̀wé lẹ orúkọ Common Core mọ́ èèpo ìwé tí inú rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Àwọn olùkọ́ ní láti kọ́ bí wọ́n ṣe ń yẹ ìwé wò, yàtọ̀ sí bí wọ́n ṣe ń lò ó.

Ní ti èdè, òṣùwọ̀n náà ní kí ìdajì ohun tí ọmọ kíláàsì 4 ń kà jẹ́ ìwé tí kì í ṣe ìtàn àròsọ, kí ó sì di ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ní kíláàsì 12. Gbogbo ẹ̀kọ́ ọjọ́ kan ni wọ́n kà pọ̀ níbẹ̀, títí kan sáyẹ́ǹsì àti ìtàn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣì í gbọ́, wọ́n rò pé kí olùkọ́ èdè kó ìwé ìtàn àròsọ dànù ni. Àwọn olùkọ́ aṣáájú ló ń tún un ṣàlàyé kiri.

Ìrírí ìpínlẹ̀ mélòó kan

Kentucky kó àwọn olùkọ́ láti gbogbo àgbègbè ẹ̀kọ́ jọ sínú ẹgbẹ́ ìkẹ́kọ̀ọ́, wọ́n ń pàdé lóòrèkóòrè, wọ́n sì ń gbé ohun tí wọ́n kọ́ padà lọ sílé. Tennessee yan ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún olùkọ́ tó ń kọ́ni lọ́wọ́, wọ́n fi wọ́n ṣe akọ́ni fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹlẹgbẹ́ wọn ní àkókò ìsinmi ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹṣin iwájú ni ti ẹ̀yìn ń wò sáré: olùkọ́ máa ń tètè gbọ́ràn sí ẹni tí yóò padà sí kíláàsì lọ́jọ́ Ajé bíi tirẹ̀.

Ti Louisiana ló lọ jìnnà jù. Nígbà tí John White jẹ́ olórí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ níbẹ̀, ìpínlẹ̀ náà fi àwọn olùkọ́ ṣe ayẹ̀wéwò, wọ́n ń pín ìwé ẹ̀kọ́ sí ìpele mẹ́ta, èyí tó dára jù ló wà ní ìpele kìn-ín-ní. Fún ẹ̀kọ́ èdè, àwọn olùkọ́ ìpínlẹ̀ náà lọ́wọ́ nínú kíkọ ELA Guidebooks, ìwé ètò ẹ̀kọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì tí ẹnikẹ́ni lè lò lọ́fẹ̀ẹ́. Ní 2016, ìwádìí ilé-iṣẹ́ RAND fi hàn pé àwọn olùkọ́ Louisiana mọ ohun tí òṣùwọ̀n náà ń béèrè, wọ́n sì ń lo ìwé tó bá a mu, ju ọ̀pọ̀ ẹlẹgbẹ́ wọn ní ìpínlẹ̀ mìíràn lọ.

Ìdánwò àti àríyànjiyàn

Níbi púpọ̀, ìdánwò dé kí ìwé tó dé. New York fi òṣùwọ̀n tuntun ṣe ìdánwò ní ìgbà ìrúwé 2013, nǹkan bí ìdá 31 péré nínú ọgọ́rùn-ún akẹ́kọ̀ọ́ kíláàsì 3 sí 8 ló sì dé ojú àmì. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ìpínlẹ̀ kan ti so èsì ìdánwò mọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe ìdíyelé olùkọ́. Ní oṣù Igbe ọdún náà, Randi Weingarten, ààrẹ AFT, béèrè pé kí wọ́n dá ìjìyà tó so mọ́ èsì náà dúró ná. Ní oṣù Èrèlé 2014, Dennis Van Roekel, ààrẹ NEA, kọ̀wé pé wọ́n ti ba àmúlò rẹ̀ jẹ́ ní ìpínlẹ̀ tó pọ̀ jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹgbẹ́ rẹ̀ kò kọ òṣùwọ̀n náà fúnra rẹ̀.

Àwọn òbí náà bínú sí iṣẹ́ àṣetiléwá ìṣirò. Àwọn ọgbọ́n ìṣírò tó ní kí ọmọ tú nọ́ńbà ká ṣàjèjì sí wọn, wọ́n sì gbà pé wọ́n ti fòpin sí ọ̀nà àtijọ́. Ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n náà ṣì béèrè ọ̀nà àtijọ́ fún àròpọ̀ àti àyọkúrò. Kíláàsì 4 ló fi í sí, lẹ́yìn tí ọmọ bá ti mọ ìdí tó fi ń ṣiṣẹ́. Olùkọ́ ló ń jókòó ti òbí láti ṣàlàyé èyí, nítorí ìwé àṣetiléwá kò ṣàlàyé rẹ̀.

Indiana kúrò nínú ètò náà ní oṣù Ẹrẹ́nà 2014, Oklahoma tẹ̀lé e ní oṣù Òkúdù. Òfin Every Student Succeeds Act, tí Ààrẹ Barack Obama buwọ́ lù ní oṣù Ọ̀pẹ 2015, kà á léèwọ̀ fún ìjọba àpapọ̀ láti fi ipá mú ìpínlẹ̀ gba Common Core. Àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn tún òṣùwọ̀n náà ṣe, wọ́n sì yí orúkọ rẹ̀ padà. Ti Louisiana di Louisiana Student Standards ní 2016, ti New York di Next Generation Learning Standards ní 2017. ELA Guidebooks tí àwọn olùkọ́ Louisiana lọ́wọ́ sí kò yí orúkọ padà ní tirẹ̀.