Ẹ̀tọ́ tẹlifíṣọ̀n: kí ni kọ́ńfáráǹsì yunifásítì ń tà gan-an?

Ẹni tó bá ti ra ọsàn lórí igi rí ti mọ ìdajì àlàyé yìí. Igi kò kúrò lọ́wọ́ olóko, ṣùgbọ́n títí àsìkò tí wọ́n jọ dá yóò fi pé, ẹni tó sanwó ló ni èso. Bí ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ṣe ń ra ẹ̀tọ́ ìdíje nìyẹn. Kò ra ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù. Àyè láti fi eré wọn hàn fún iye ọdún kan ló rà.

Nínú bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ yunifásítì ní Amẹ́ríkà, ilé-ìwé kan kì í sábà dá èso tirẹ̀ tà. Kọ́ńfáráǹsì, ìyẹn àkójọ yunifásítì tó ń bá ara wọn gbá lọ́dọọdún, ló ń ná ọjà fún gbogbo wọn, kí wọ́n tó pín owó. Ìdíje ńlá oṣù Kẹta yàtọ̀ o: NCAA, àjọ tó ń darí eré ìdárayá yunifásítì, ló ń ta ìyẹn.

Ẹ wo Big East, ọ̀kan lára àwọn kọ́ńfáráǹsì yìí. Ọdún 1979 ni wọ́n dá a sílẹ̀, ọdún yẹn náà ni ESPN, ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n eré ìdárayá, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ọ̀kan ní eré, ó ń wá òǹwòran. Èkejì ní wákàtí gbọọrọ, ó ń wá eré tí yóò fi dí i. Àwọn méjèèjì bá gbé ara wọn ga. Ẹ rántí Hakeem Olajuwon, ọmọ Èkó: Georgetown, ọ̀kan nínú Big East, ló na yunifásítì Houston tirẹ̀ ní 84 sí 75 nínú àṣekágbá 1984.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ kọ́ńfáráǹsì ń ta ọsàn mọ́ kòkó. Bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ ni ọsàn, fútúbọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ni kòkó. Torí kòkó ni oníbàárà ṣe wá. Àdéhùn tẹlifíṣọ̀n ọdún 7 tí kọ́ńfáráǹsì Big Ten ṣe ní 2022 lé ní bílíọ̀nù 7 dọ́là. Irú owó bẹ́ẹ̀ ló fa UCLA, yunifásítì tó wà ní Los Angeles, bọ́ sí Big Ten ní 2024. Ní báyìí, ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ á wọ bàálù sọdá Amẹ́ríkà lọ bá Rutgers ní New Jersey, níbi tí aago ti fi wákàtí 3 ṣáájú tilé, ìwé sì wà nílẹ̀ tó fẹ́ kà. Èyí ń dùn mí, torí kì í ṣe nítorí eré tirẹ̀ ni wọ́n ṣe kó lọ.

Ní 2013, yunifásítì Kátólíìkì 7 inú Big East ya kúrò lára àwọn tó ń lé fútúbọ́ọ̀lù. Wọ́n gbé orúkọ náà dání, ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n Fox sì bá wọn ṣe àdéhùn ọdún 12, nǹkan bí mílíọ̀nù 500 dọ́là. Owó náà kò tó ti Big Ten rárá, àmọ́ ọsàn nìkan ni wọ́n tà. Nígbà tí wọ́n tún ta ẹ̀tọ́ náà ní 2024, Fox padà wá, NBC àti TNT sì bá a dá sí i.