Ta ni wọ́n ń pè ní “maga”? Ìbéèrè àti ìdáhùn

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022, ilé-ẹjọ́ kan ní Los Angeles rán Ramon Abbas, tí ayé mọ̀ sí Hushpuppi, lọ sẹ́wọ̀n ọdún 11 àti oṣù 3. Orúkọ tirẹ̀ gba ìgboro kan. Àwọn tí Hushpuppi lù ní jìbìtì ńkọ́? “Maga” ni ọ̀pọ̀ èèyàn pè wọ́n. Títí di òní, bí ìròyìn ọmọ Yahoo, oníjìbìtì orí ayélujára, bá ti jáde, ọ̀rọ̀ yìí a tún dé, àwọn èèyàn a sì máa béèrè ìtumọ̀ rẹ̀.

Ṣé Yorùbá ni “maga”?

Rárá. Èdè ìgboro ni, bíi “mugu”. Ẹni tí ọmọ Yahoo fẹ́ gba owó ẹ̀ ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀.

Bí ọmọ Yahoo bá dà bí ọdẹ, kí ni Yorùbá ń pe ohun tí ọdẹ ń lé?

Ẹran. Ẹtu tó ń jẹko nínú igbó, ẹran ni. Ẹtu tó ti wà nínú ìkòkò ọbẹ̀, ẹran náà ni. Ìdí nìyí tó fi máa ń ká èèyàn lára bí wọ́n bá pè é ní ẹran: ẹni tó pè é bẹ́ẹ̀ ti gbé e kaná lójú ara rẹ̀. Àwọn tó túmọ̀ Bíbélì lo “ohun ọdẹ”, ó sì dára, torí ó jẹ́ ká rántí pé ọdẹ kan wà níbẹ̀.

Mo rí “Wọ́n ti gba owó ode náà” lórí Facebook. Ta ni wọ́n gba owó rẹ̀?

Kò sẹ́ni tó lè mọ̀. Bí ó bá jẹ́ ọdẹ, ó lè jẹ́ ẹni tó ń pa ẹran nínú igbó, ó sì lè jẹ́ bàbá tó ń ṣọ́ àdúgbò lóru. Bí ó bá jẹ́ ọ̀dẹ̀, èébú ni, wọ́n ń pe ẹni tí wọ́n jà lólè ní aláìgbọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa fi àmì sí i.

Ọ̀rọ̀ wo ló wá yẹ ẹni tí wọ́n ṣe ní ibi?

Kò sí ọ̀rọ̀ ẹyọ kan tó kárí gbogbo wọn. Ẹni tí wọ́n lù ní jìbìtì. Ẹni tí wọ́n jí gbé. Ẹni tí wọ́n fipá bá lò. Àwọn kan ní ó gùn jù fún àkọlé ìròyìn. Èmi fẹ́ràn gígùn rẹ̀. O kò lè dárúkọ ẹni náà láì sọ ohun tí wọ́n ṣe fún un, “wọ́n” yẹn sì ń tọ́ka sí ẹni tó ṣe é. Nínú “maga”, olè ti pòórá, ẹni tó pàdánù owó nìkan ló kù níta.

Ẹ wo “gbájú-ẹ̀” náà: gbá ojú ẹ̀. Ẹni tí wọ́n gbá lójú wà nínú orúkọ iṣẹ́ olè yẹn, ṣùgbọ́n “ẹ̀” lásán ni, kò lórúkọ.

Ṣé kì í ṣe ojúkòkòrò ló ń kó wọn sí i?

Ọ̀kan nínú àwọn tí Abbas lù ní jìbìtì ń wá owó tí yóò fi kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ ní Qatar. Àwọn àgbà wa ní “Ẹ̀bìtì tí kò peku, ẹ fẹyìn fẹ́lẹ́yìn.” Ẹyìn ọ̀pẹ tí wọ́n fi dẹ ẹ̀bìtì wà níbẹ̀ torí pé eku ń wá oúnjẹ. Ebi kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀.

Bí ó bá ṣẹlẹ̀ sí mi, kí ni kí n ṣe?

Ẹ pe báńkì yín lójú ẹsẹ̀, kí owó náà tó kúrò níbi tó wà. Ẹ má pa ọ̀rọ̀ tí ẹ jọ sọ lórí fóònù rẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá tàbí EFCC, àjọ tó ń gbógun ti jìbìtì owó ní Nàìjíríà. Ọ̀pọ̀ ni kì í lọ, torí wọn ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni pè wọ́n ní maga, olè sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹnìkan ní òun á bá mi gba owó náà padà, kí n kọ́kọ́ san díẹ̀.

Ẹ má san kọ́bọ̀. Àwọn oníjìbìtì máa ń ta orúkọ àwọn tí wọ́n ti lù fún ara wọn. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ibẹ̀ ni ẹni yẹn ti rí nọ́ńbà yín.