Ọ̀nà tí obìnrin tó sá fún abẹ́ dídá fi ń gba ààbò nílẹ̀ òkèèrè

Ìdí inúnibíni márùn-ún péré ni Àdéhùn Ogunléndé ọdún 1951, àdéhùn àgbáyé lórí àwọn tó sá kúrò nílẹ̀ wọn, kà sílẹ̀ tí ènìyàn lè fi gba ààbò: ìran, ẹ̀sìn, orílẹ̀-èdè, èrò òṣèlú, àti jíjẹ́ ara àwùjọ kan pàtó. Kò dárúkọ obìnrin rárá. Ìdí tó gbẹ̀yìn yẹn ni àwọn agbẹjọ́rò ń gbá mú.

Ẹjọ́ Fauziya Kassindja, ọmọ Tógò, ló là á yé ènìyàn jù. Bàbá rẹ̀ kò fara mọ́ abẹ́ dídá, ṣùgbọ́n bàbá kú. Ọmọ ọdún 17 ni nígbà tí àǹtí rẹ̀ nílé bàbá fi í fún ọkùnrin kan tó ti ní ìyàwó mẹ́ta nílé. Wọ́n sì fẹ́ dá abẹ́ fún un kí ọkọ tó sún mọ́ ọn. Ó sá gba Gánà àti Jámánì dé Amẹ́ríkà ní December 1994. Ó sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ pé ìwé ìrìnnà ọwọ́ òun kì í ṣe tòun, pé ààbò lòun wá tọrọ. Wọ́n tì í mọ́lé fún ohun tó lé ní ọdún kan. Wọ́n tiẹ̀ ṣi orúkọ rẹ̀ kọ; “Kasinga” ni ẹjọ́ náà ń jẹ́ títí dòní.

Adájọ́ àkọ́kọ́ kò gbà á gbọ́. Ní June 1996, ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn dá a láre. Ẹ wo bí wọ́n ṣe to àwùjọ náà: àwọn ọ̀dọ́bìnrin ẹ̀yà Tchamba-Kunsuntu tí a kò tíì dá abẹ́ fún bí ẹ̀yà náà ṣe ń dá a, tí wọn kò sì fẹ́ ẹ. Bí onídàábẹ́ tiẹ̀ rò pé oore lòun ń ṣe, ìyẹn kò sọ ọ́ di ohun tí kì í ṣe inúnibíni.

Ó tún ku ìbéèrè méjì: ṣé ìjọba ilé lè dáàbò bo obìnrin náà? Ṣé kò lè kó lọ sí ìlú mìíràn nínú orílẹ̀-èdè rẹ̀? Ìkejì yìí ló sábà máa ń gbé ọmọ Nàìjíríà ṣubú ní Lọ́ńdọ̀nù, torí àwọn òṣìṣẹ́ á ní kó lọ máa gbé ìlú ńlá mìíràn. Òfin VAPP ti 2015, òfin Nàìjíríà tó tako ìwà ipá sí ènìyàn, ti ka abẹ́ dídá léèwọ̀, ṣùgbọ́n ohun tí agbẹjọ́rò ní láti fi hàn ni ohun tí ọlọ́pàá ń ṣe gan-an bí obìnrin bá lọ fẹjọ́ sùn.

Ní January 2024, Ilé-ẹjọ́ Ìṣọ̀kan Yúróòpù fẹ ọ̀nà náà: gbogbo obìnrin orílẹ̀-èdè kan lápapọ̀ lè jẹ́ àwùjọ.