Kì í ṣe ìsó màlúù ni Dẹ́nmáàkì fẹ́ bu owó orí lé

Ìgbàkígbà tí ọ̀rọ̀ owó orí tí Dẹ́nmáàkì fẹ́ máa gbà lórí màlúù bá délẹ̀, ẹnìkan á ṣáà fi ìsó dá àpárá. Kì í ṣe tuntun. Nígbà tí ìjọba New Zealand gbèrò irú owó bẹ́ẹ̀ ní 2003, "owó orí ìsó" ni àwọn àgbẹ̀ sọ ọ́, aṣòfin kan sì wa katakata gun àtẹ̀gùn ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Àpárá náà dùn, àmọ́ ihò tí wọ́n nawọ́ sí kọ́ ni. Nínú gáàsì methane tí ikùn màlúù ń ṣe, èyí tí wọ́n torí rẹ̀ fẹ́ gbowó náà, ó ju ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá lọ tó ń gba ẹnu jáde. Màlúù ń gùnfẹ̀ ni.

Ẹni tó bá ti fọ ṣàkì rí ti fọwọ́ kan ibi tí iṣẹ́ náà ti ń wáyé. Kí ṣàkì tó dé inú ọbẹ̀, àpò ńlá inú ikùn màlúù ni, ó sì ń gbà tó lítà 100 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò yàtọ̀ sí àgbá tí wọ́n rẹ pákí fùfú sí: ẹ dé e, ẹ fi í sílẹ̀, tó bá di ọjọ́ kejì ọjọ́ kẹta, omi á ti máa hó láìsí iná lábẹ́ rẹ̀, òórùn rẹ̀ á sì ti dé ojúlé kejì. Bẹ́ẹ̀ ni koríko ṣe ń kan nínú ṣàkì. Màlúù á fa díẹ̀ padà sẹ́nu, á jẹ àpọ̀jẹ, á tún dà á sínú àgbá. Ìyàtọ̀ kan ni pé ìyá onífùfú máa ń da omi nù, á fọ àgbá. Ti màlúù kì í ṣófo láéláé.

Bí koríko ṣe ń kan ni hydrogen ń tú jáde. Tó bá pọ̀ jù, iṣẹ́ á fà sẹ́yìn. Àwọn kòkòrò kan tí ojú kò lè rí wá wà níbẹ̀ bí agbálẹ̀: wọ́n á kó hydrogen, wọ́n á pò ó mọ́ carbon dioxide, ó di methane. Màlúù tí kò bá rí i gùnfẹ̀, ikùn rẹ̀ á wú, ó sì lè pa á. Wàhálà ibẹ̀ ni pé láàárín 100 ọdún, ooru tí methane ń há mọ́ ayé fi bí ìlọ́po 28 ju ti carbon dioxide tí wọ́n jọ wúwo bákan náà lọ.

Nítorí pé inú ṣàkì ni ọ̀rọ̀ wà, oúnjẹ ni wọ́n ń gbà tún un ṣe. Bovaer, èròjà tí wọ́n ń pò mọ́ oúnjẹ màlúù, tí Ìṣọ̀kan Yúróòpù fọwọ́ sí ní 2022, ń dí àwọn agbálẹ̀ yẹn lọ́wọ́. Methane màlúù oníwàrà ń fi bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá dín kù. Ṣùgbọ́n inú oúnjẹ tí wọ́n pò sí ibùjẹ ló ti ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Màlúù tó wà ní pápá látàárọ̀ ṣúlẹ̀, ta ni yóò máa bu oògùn sí koríko rẹ̀?

Owó orí náà ló wá gba àròjinlẹ̀. Ní oṣù kẹfà 2024, ìjọba Dẹ́nmáàkì, àwọn àgbẹ̀ àti àwọn tó ń jà fún àyíká fẹnu kò: láti 2030, 300 króònà (owó Dẹ́nmáàkì) lórí tọ́ọ̀nù gáàsì kan (wọ́n ti sọ methane di ìwọ̀n carbon dioxide kí wọ́n tó ṣírò), 750 ní 2035. Àwọn èèyàn ní wọ́n yọ ìdá 60 nínú 100 kúrò, nítorí náà 120 króònà péré ni. Kò rí bẹ́ẹ̀ gan-an. Ìdá 60 nínú ohun tí irú ẹran bẹ́ẹ̀ sábà máa ń tú jáde ni wọn kò gbowó lé. Ká ní tọ́ọ̀nù 5 ni irú ẹran bẹ́ẹ̀ sábà máa ń tú jáde, 3 jẹ́ ọ̀fẹ́. Ẹni tó dúró sórí 5 á san 600 króònà. Ẹni tó dín tirẹ̀ kù sí 4 á san 300. Ẹni tó dé 3, kò san kọ́bọ̀. Tọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan tí àgbẹ̀ bá dín kù, 300 króònà pérépéré ló dá padà sápò rẹ̀. Ẹni tó gbé ìṣírò yìí kalẹ̀ mọ inú àgbẹ̀.

Àmọ́ kò sí ẹni tó ń gbé òṣùwọ̀n lọ síbi ẹnu màlúù. Iye ẹran, irú rẹ̀, oúnjẹ rẹ̀ àti bí wọ́n ṣe ń kó ìgbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣírò. Màlúù méjì lè jọ so mọ́ ibùjẹ kan náà, kí gùnfẹ̀ ọ̀kan kéré sí ti èkejì bí Ọlọ́run ṣe dá a, iye kan náà ni ìwé á kọ fún wọn.